Denis Williams Ará Guyana, àti Ọ̀ràn Ògiri

Nínú gbogbo àwọn àjèjì tí wọ́n ti gbé ìlú Ìbàdàn rí, àwọn òyìnbó ni a máa ń kọ́ nípa wọn jù ní ilé ẹ̀kọ́: àwọn míṣọ́nnárì, àwọn àjẹ́lẹ̀, àti àwọn tí wọ́n la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ènìyàn dúdú ni, ará Gúúsù Amẹ́ríkà sì ni. Denis Williams ni orúkọ rẹ̀. Ayàwòrán ni, olùkọ́ ni, òǹkọ̀wé ni, nígbà tí ó sì di àgbà, ó di ẹni tí ń wú ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀. Àwọn kan nínú wa sọ pé ìtàn ayàwòrán kò yẹ ìwé àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fara balẹ̀ kà á, nítorí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí kan ògiri ẹ̀yìn ilé oúnjẹ wa, èyí tí a ti ń jiyàn lé lórí láti ìgbà tí a ti dé láti ibi tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò.

Ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1923 ni a bí i ní Georgetown, olú ìlú Guyana. Èjìká àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilẹ̀ náà wà, létí òkun, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì wà títí di ọdún 1966. Nínú àwọn ará ibẹ̀ ni ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà lọ sí oko ìrèké wà, àti ọmọ àwọn ará Íńdíà tí a kó wá sí oko kan náà nígbà tí ìsìnrú parí, àti àwọn onílẹ̀ gan-an, tí wọ́n wà nínú igbó àti létí odò kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ní ọdún 1946 British Council fún Williams ní owó ẹ̀kọ́, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní Camberwell School of Art.

Kò pẹ́ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn. Ní ọdún 1950 ó ya àwòrán ńlá kan tí ó pè ní Human World, wọ́n sì pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé Gimpel Fils. Wyndham Lewis, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ayàwòrán àti òǹkọ̀wé, yìn ín nínú ìwé ìròyìn. Wọ́n gbà á ṣe olùkọ́ ní Central School, ó sì ń kọ́ni ní Slade pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá mọ bí nǹkan ti rí fún ènìyàn dúdú ní Lọ́ńdọ̀nù ní àkókò náà yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun kékeré. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Àwọn tí ń yìn ín ń wá igbó àti ìlù nínú gbogbo ohun tí ó bá yà. Ó pa irú àwòrán tí wọ́n fẹ́ràn tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ya ìlà àti àwọ̀ tí ó fi ìwọ̀n wọ̀n. Ní ọdún 1957 ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ di olùkọ́ ní Khartoum ní ilẹ̀ Sùdáànì.

Ọdún márùn-ún ni ó lò níbẹ̀. Ó dé Meroe, ìlú àtijọ́ tí àwọn ọba dúdú ti jẹ, níbi tí ìdàrọ́ irin àtijọ́ ṣì wà ní òkìtì òkìtì. Láti inú ìrìn àjò náà ni ó ti rí ohun tí ó fi kọ ìwé ìtàn rẹ̀, Other Leopards, tí ó jáde ní ọdún 1963. Ará Guyana kan ni ẹni inú ìwé náà, orúkọ méjì ni ó ní, Lionel àti Lobo, kò sì mọ èyí tí òun í ṣe nínú méjèèjì. Kí ẹni tí a sàmì fún ní Josaya, tí ìyá rẹ̀ sì ń pè ní Àjàní nílé, wá ìwé náà kà.

Ọdún 1962 ni ó dé àárín wa. Ọdún náà ni Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní Ifẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìbàdàn níhìn-ín ni, ní ìhà Ẹlẹ́yẹlé, ní ọgbà tí ó ti jẹ́ ti Nigerian College tẹ́lẹ̀, kò sì kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ títí di ọdún 1967. Williams wà nínú àwọn tí ń ṣe ìwádìí nípa ilẹ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì náà. Ọ̀rọ̀ irin tí ó ti rí ní Meroe kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó ń wádìí iṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ wa àti ti àwọn tí ń fi idẹ rọ ẹdan Ògbóni. Ní ọdún 1964 ó kọ̀wé lórí ẹdan náà, ní ọdún 1974 sì ni ìwé ńlá rẹ̀, Icon and Image, jáde. A ti kà nínú rẹ̀, a kò sì fi ara mọ́ gbogbo ohun tí ó sọ, ṣùgbọ́n ó yà wá lẹ́nu pé ará Georgetown ni yóò wá jókòó ti iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ tí àwa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ láì bojú wò ó.

Kì í ṣe ọgbà Yunifásítì nìkan ni iṣẹ́ ọnà ti ń ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn ní ìgbà náà. Nítòsí ọjà Dùgbẹ̀ ni ilé ẹgbẹ́ Mbari wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1961 nínú ilé tí ó ti jẹ́ ilé oúnjẹ àwọn ará Lẹ́bánónì. Ulli Beier, Wole Soyinka, J. P. Clark, Christopher Okigbo àti Ezekiel Mphahlele wà nínú ẹgbẹ́ náà. Chinua Achebe ni ó fún un ní orúkọ. Ní ilẹ̀ Ìgbò, ní agbègbè Owerri, mbari ni ilé amọ̀ tí a mọ ère kún, tí a sì kun lọ́nà oríṣiríṣi, fún ọlá òrìṣà ilẹ̀. Bí a bá ti parí rẹ̀ tán, a kì í tún un ṣe mọ́. A ó fi í sílẹ̀ fún òjò títí yóò fi wó. A lọ sí Dùgbẹ̀ ní ìsinmi tí ó kọjá láti wá ibi tí Mbari gbé wà. Àwọn ọ̀dọ́ tí a bi rò pé orúkọ oògùn ni à ń sọ. Bàbá kan tí ń tún aago ṣe ni ó sọ pé, “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, àwọn onítíátà ni ẹ ń wá? Wọ́n ti lọ ó pẹ́.”

Ṣùgbọ́n Òṣogbo ni Williams ti ṣe ohun tí ó mú wa kọ ìwé yìí. Ní ọdún 1962 Dúró Ládiípọ̀ sọ ilé rẹ̀ di ilé ẹgbẹ́ bíi ti Ìbàdàn. Àwọn ará ìlú tí wọ́n gbọ́ “Mbari” gbọ́ ọ bí Yorùbá, wọ́n sì fi “Mbáyọ̀” kún un, bí ẹni ń sọ pé bí a bá rí i a ó yọ̀. Níbẹ̀ ni Williams ti pe àwọn ènìyàn jọ ní ọdún kan náà láti wá ya àwòrán, ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1963. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni ó fi ṣe é ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí wọ́n wá kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà rí. Àwọn òṣèré inú ẹgbẹ́ Ládiípọ̀ wà nínú wọn. Kò gbé ìkòkò àti ọsàn ka iwájú wọn pé kí wọ́n yà á bí ó ti rí. Ohun èlò ni ó fún wọn, ó sì fi ààyè sílẹ̀. Inú àwọn wọ̀nyí ni Jacob Afọlábí àti Rufus Ògúndélé ti jáde, àwọn méjì tí ayé mọ orúkọ wọn lẹ́yìn náà. Ògúndélé kò tíì tó ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Georgina Beier ni ó ṣe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1964, níbi tí Twins Seven Seven ti jáde.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó yìn ín. Àwọn kan wí pé ẹnikẹ́ni kò lè di ayàwòrán ní ọjọ́ márùn-ún, pé ìtanràn ni a ń tan àwọn ọmọ náà jẹ. Olùkọ́ wa kan ti sọ ohun tí ó jọ ọ́ fún wa ní kíláàsì, a sì bu ọlá fún ọ̀rọ̀ wọn: ọmọ tí a kò kọ́ bí a ti ń di búrọ́ọ̀ṣì mú yóò fi ọ̀dà ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Ẹni tí ó fi ọjọ́ díẹ̀ kọ́ wọn ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́nu iṣẹ́ náà láti ìgbà tí ó ti kúrò ní Georgetown. Nítorí pé ó mọ̀ ọ́n púpọ̀ ni ó ṣe lè dákẹ́ níbi tí ó yẹ kí ó dákẹ́. Àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ni a kì í lè dákẹ́.

Àwa rí ti wa ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n fi wá sí ní ìhà Agbowó. Wọ́n gbé ọ̀dà wá, wọ́n sì ní kí àwa tí a mọ àwòrán yà kun ògiri kíláàsì àwọn ọmọ kékeré. Wọ́n fún wa ní ìwé tí a ó wò yà: eku kan tí ó wọ ṣòkòtò pupa, èso ápù, àti ọmọ òyìnbó kan tí ń ṣeré nínú yìnyín. Irú rẹ̀ kún ara ògiri ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi láti Bódìjà títí dé Ring Road. A bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fún wa ní ìhà kan ògiri, a sì kó àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin síbẹ̀. Wọ́n ya máíkírà tí èrò há sí, wọ́n ya ìyá elékuru, wọ́n ya egúngún pẹ̀lú pàṣán, ọ̀kan sì ya òpó iná tí ẹyẹ bà lé gbogbo wáyà rẹ̀. Ọmọ tí ó ya òpó iná yìí kò tíì dá wa lóhùn ìbéèrè kan rí láti ìgbà tí a ti dé kíláàsì náà. Ní ọjọ́ náà, ó dúró ti ògiri, ó ń ṣàlàyé fún gbogbo ẹni tí ń kọjá. Nígbà tí a padà dé ní ọjọ́ Ajé, wọ́n ti fi ọ̀dà funfun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Wọ́n ní àwọn òbí tí ń sanwó yóò rò pé àwọn ọmọ ni ó ba ògiri jẹ́.

Ohun tí ó dùn wá kì í ṣe pé wọ́n pa á rẹ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní ojúbọ Òrìṣàìkirè, àwọn obìnrin ni wọ́n ń kun ògiri, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún un kùn nígbà ọdún òrìṣà, tí tuntun ń bo ti èṣí mọ́lẹ̀. Ọmọ míṣọ́n ni wá, a kò sì ń bọ òrìṣà, ṣùgbọ́n a kò lè sẹ́ pé àwọn ìyá wọ̀nyí mọ iṣẹ́ ògiri ju wa lọ. Wọ́n ń pa tiwọn rẹ́ láti tún kun tiwọn. Eku oníṣòkòtò ni wọ́n fi rọ́pò ti àwọn ọmọ Agbowó.

Ní ti Williams, ó kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Yunifásítì Èkó ní ọdún 1966, nígbà tí ó sì di ọdún 1968 ó padà sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Kò jókòó sí Georgetown. Ó wọ inú igbó lọ, ó ń gbé ní Issano létí odò Mazaruni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wá àwọn àmì tí àwọn onílẹ̀ àtijọ́ fín sára àpáta, tí wọ́n ń pè ní timehri. Ayàwòrán Guyana mìíràn tí òun náà ń jẹ́ Williams, Aubrey ni orúkọ rẹ̀, ti mú orúkọ yìí fún àwọn àwòrán ńlá tí ó kùn sí ògiri pápá ọkọ̀ òfuurufú wọn ní ọdún 1970. Denis ní tirẹ̀ ń lọ láti àpáta dé àpáta, ó ń wọ̀n wọ́n, ó sì ń kọ wọ́n sílẹ̀. Ó wú òkìtì ìkarahun tí ó ti wà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ó di olórí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Walter Roth ní Georgetown, ó bá wọn dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà Burrowes sílẹ̀ ní ọdún 1975, ó sì kun àwòrán sí ògiri ilé àṣà ńlá ti orílẹ̀-èdè wọn. Ó kú ní oṣù kẹfà ọdún 1998. Ìwé rẹ̀ lórí Guyana àtijọ́, Prehistoric Guiana, kò jáde títí di ọdún 2003.

Ó kù ọ̀ràn ògiri ẹ̀yìn ilé oúnjẹ. Ọ̀gá wa ti yọ̀ǹda rẹ̀. Ìdajì nínú ẹgbẹ́ ayàwòrán wa fẹ́ kí a ya àwòrán àwọn àgbà ìjọ tí ó wà nínú ìwé, kí a yà á bí ó ti wà gẹ́lẹ́. Àwa ìdajì kejì fẹ́ kí a pe ogún ọmọ láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó wà níwájú ọgbà wa, kí àwa sì di ọ̀dà mú fún wọn. A dìbò, ìbò wa fi mẹ́ta ju tiwọn lọ. Àwọn tí wọ́n pàdánù sọ pé àwọn yóò wá wò ó, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀, ní agogo mẹ́sàn-án, a ó bẹ̀rẹ̀. A ti fi ẹfun kun ògiri náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti gbẹ. Ọ̀dà pupa àti dúdú wà lọ́wọ́, ti aláwọ̀ ewé kò tó. Ẹni tí ó bá ní àkàbà, kí ó jọ̀wọ́ yá wa, nítorí èyí tí ó wà ní ọgbà kò dé òkè ògiri, àwọn ọmọ náà sì ti sọ pé òkè ni àwọn yóò ya òṣùmàrè sí.