Orúkọ Iṣu Tó Sọnù

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe sọ ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá àgbà kan nù.

Ojú títì kan náà ni Bantè àti Savalou wà ní Collines, ní ilẹ̀ Benin, ṣùgbọ́n èdè wọn yàtọ̀. Ìcà, ọmọ ìyá Yorùbá, ni wọ́n ń sọ ní Bantè. Maxi, tí àwọn Faransé ń kọ ní Mahi, ni ti Savalou. Òun àti Fọ̀n ló tan. Mo ń wá ọ̀rọ̀ oko tí wọ́n yá lọ́wọ́ ara wọn. Ní Bantè, ìyá náà ka orúkọ iṣu fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà níwájú rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo fi Python kọ ètò kan. Thread kan ń to ọ̀rọ̀ Bantè, èkejì ń to ti Savalou lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì sì ń kọ ọ́ sínú fáìlì kan ṣoṣo. Fil ni Faransé ń pe thread, ìyẹn òwú, òwú sì máa ń lọ́ pọ̀. Èmi fúnra mi ló ní kí ètò náà máa pa fáìlì tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ rẹ́ bó bá ti tò ó tán. Ìwà òmùgọ̀ gbáà!

Ó yára púpọ̀. Àfi ìgbà tí mo wá orúkọ iṣu tí mo bá òfo. Thread Bantè ti ka fáìlì náà. Kó tó kọ tirẹ̀ kún un, ti Savalou ti ka ohun kan náà. Bantè kọ tirẹ̀, ó tọ́jú rẹ̀. Savalou kò mọ̀ pé nǹkan ti yí padà, ó kó tirẹ̀ lé e lórí. Mo fi ọ̀rọ̀ mìíràn dán an wò: gbogbo rẹ̀ pé. Mo tún un ṣe: ti Savalou ló sọnù. Ohun tó ń dẹ́rù bani níbẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń ṣẹlẹ̀.

Oògùn rẹ̀ ni Lock: ẹni tó bá mú un lọ́wọ́ nìkan ló lè ka fáìlì kó sì kọ ọ́, èkejì á dúró dè é. Láti nǹkan bí ọdún 1960 sí 1969 ni Dijkstra, ará Netherlands, ti gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ tó pè é ní semaphore, bí àmì ojú irin rélùwéè. P àti V ni iṣẹ́ méjèèjì tó ń ṣe. Èyí á dùn mọ́ àwa ọmọ ẹ̀dá-èdè: Dijkstra ní P dúró fún prolaag, ọ̀rọ̀ tó fúnra rẹ̀ sún kì láti inú "probeer te verlagen", gbìyànjú láti dín in kù. Ṣé àwa náà kọ́ là ń sọ "ra ọjà" di "rajà"?

Mo padà sí Bantè. Ìyá ní, "Ṣebí o kọ ọ́ sílẹ̀?" Mo dọ̀bálẹ̀. Ó tún wọn kà, ó tilẹ̀ fi méjì kún un. Ọ̀kan wà tí kò rántí mọ́. Èmi náà kò rántí rẹ̀.