Fóònù Di Òjíṣẹ́ Ọlọ́run

Àwọn àgbà ní, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ náà ti dé ilé ìjọsìn àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwádìí Yunifásítì Roehampton tí ó jáde ní 2013 ka ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó tó 240 ní àgbègbè Southwark nìkan. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ó sì dá púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀. Ọ̀kan kékeré nínú irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ni èmi ti ń jọ́sìn.

Tẹ́lẹ̀ rí, bí pásítọ̀ bá ti sọ̀rọ̀, abẹ gé e. Ẹni tí ó dé ìlú òyìnbó láìní baba, láìní ìyá, pásítọ̀ ni ó ń sá di. Ṣùgbọ́n ní 2017, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kan ní Nàìjíríà, tí a ń pè ní Daddy Freeze, ń kéde lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ìdá mẹ́wàá kì í ṣe dandan fún Kristẹni. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé inú WhatsApp àwọn ìyá ìjọ wa. Ìyá kan tí ó ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru láti fi jẹun, tí kì í sì í jẹ Ọlọ́run ní gbèsè ìdá mẹ́wàá, béèrè níbẹ̀ pé: “Ẹ jọ̀wọ́, sà, ta ni kí a gbà gbọ́?” Pásítọ̀ kò dáhùn. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ìsinmi, ó pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ òǹwàásù orí fóònù mọ́. Láti ìgbà náà ni àga ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣófo. Ìyá náà ṣì ń wá, ó ṣì ń san owó rẹ̀. Ìdáhùn ni kò tíì rí gbà.

Ní tèmi, ìbéèrè kọ́ ni ó tú ìjọ ká, àìdáhùn ni. Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì yin àwọn ará Bèríà, nítorí pé wọ́n ń yẹ Ìwé Mímọ́ wò láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni Pọ́ọ̀lù ń sọ.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ. A lè dúró de pásítọ̀ wa lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìsìn. Ta ni yóò di aṣọ ẹni inú fóònù mú? Ní 2020, Daddy Freeze fúnra rẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Oyedepo nítorí èébú tí ó bú u. Àwọn tí ó fi èébú náà ránṣẹ́ kiri, mélòó nínú wọn ni ó fi àforíjì náà ránṣẹ́?

Nítorí náà, àgbà tí ó bá fẹ́ kí a gbọ́ tirẹ̀, kí ó gbọ́ tiwa. Kí pásítọ̀ jókòó ti ìjọ, kí ó ṣí Bíbélì, kí ó sì ṣí ìwé ìṣirò owó pẹ̀lú.