Kí Ẹ Tó Yọ Fèrèsé Yẹn Dànù

Bí fèrèsé alumíníọ̀mù tí à ń tì sọ́tùn-ún sósì bá há, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń sọ fún wa ni pé ó ti bàjẹ́, ká ra tuntun. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò bàjẹ́. Férémù rẹ̀ dára, gíláàsì rẹ̀ kò sì sán. Ohun tó kú kò ju táyà kéékèèké mélòó kan lọ, àwọn tí wọ́n ń pè ní rólà, tó wà lábẹ́ gíláàsì níbi tí ojú kì í tó.

Oríṣi fèrèsé mẹ́ta ló wà nílé wa ní Ìlárá-Mọ̀kín: onípákó lẹ́yìn, louvre ní pálọ̀, alumíníọ̀mù ní yàrá Ìyá Àgbà. Bí pákó bá yẹ̀, kápẹ́ńtà á kàn án padà. Bí gíláàsì louvre kan bá fọ́, ẹyọ kan náà la ó rà. Ti alumíníọ̀mù nìkan ni wọ́n máa ń ní ká tú gbogbo rẹ̀.

Nínú oṣù kẹta ọdún yìí, ti Ìyá Àgbà há pátápátá. Ooru mú, iná kò sí tí fáànù ì bá fi ṣiṣẹ́, wọ́n wá ń gbé ẹní wọn lọ sí pálọ̀ lálaalẹ́. Ẹni ọdún 84 kì í sùn nílẹ̀ kí ara má ro ó. Oníṣẹ́ tí a pè kàn wò ó lókèèrè, ó ní ₦85,000 ni tuntun. Ìyá Àgbà ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Bí okùn bàtà bá já, ṣé a ó wá ju bàtà nù ni?"

Ohun tó ń fa ìṣòro yìí kò ṣòro láti mọ̀. Ọyẹ́ máa ń da eruku lẹ́búlẹ́bú sínú kòtò tí rólà ń gbà rìn. Bí òjò bá dé, eruku á di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ á dí àwọn ihò kéékèèké tí omi ń gbà jáde síta. Omi á dúró, irin àárín rólà á dípẹtà, táyà kò ní yí mọ́. Bí a bá wá ń fi agbára tì í, ṣe là ń wọ́ ọ títí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ yóò fi jẹ. Gíláàsì á wálẹ̀, alumíníọ̀mù á máa ha alumíníọ̀mù.

Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé gíláàsì náà sókè díẹ̀, kí ẹ sì tì í. Bí ó bá rìn, rólà ló jẹ̀bi. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ihò kékeré kan wà nísàlẹ̀ etí gíláàsì tí sukúrúù wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi sukudiráfà yí i, rólà á gbé gíláàsì sókè. Nígbà mìíràn, ìyẹn nìkan ti tó.

Tiwa kọjá bẹ́ẹ̀. Èmi àti àbúrò mi wọ bàtà, a fi aṣọ wé ọwọ́, a gbé gíláàsì wọnú kòtò òkè, a fa ìsàlẹ̀ rẹ̀ sọ́dọ̀ ara wa, ó sì jáde. Iṣẹ́ ẹni méjì ni o. Irin ààbò wa wà níta. Bí tiyín bá wà nínú, ẹ pe oníṣẹ́. Rólà mẹ́rin la bá, mẹ́ta ti gan. A fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ àti omi ọṣẹ fọ kòtò náà, a fi ẹyọ ìgbálẹ̀ tú ihò omi. A mú rólà kan dání lọ sí Àkúrẹ́, nítorí ìwọ̀n wọn kò dọ́gba. A kò fi òróró tàbí gíríìsì sí i, eruku ni yóò gbá jọ; àbẹ́là la fi ra ojú irin. Rólà, owó ọkọ̀ àti àbẹ́là, gbogbo rẹ̀ kò tó ₦6,000. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìka méjì ni Ìyá Àgbà fi ti fèrèsé wọn, wọ́n sì gbé ẹní padà sí yàrá.

Ṣùgbọ́n ó ní èyí tí rólà kò lè wò sàn. Ẹ na okùn láti igun òkè lápá ọ̀tún férémù dé igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, kí ẹ sì fi okùn náà wọn igun méjì yòókù. Bí wọn kò bá dọ́gba, férémù ti wọ́. Ẹ wo ògiri òkè rẹ̀: bí ó bá sán, ilé ló ń tẹ fèrèsé mọ́lẹ̀. Bíríkìlà lẹ nílò. Bí ẹ bá fi tuntun síbẹ̀ láìtún ògiri ṣe, òun náà á há.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù náà. Gíláàsì méjì tó ní àlàfo láàárín ló wọ́pọ̀ níbẹ̀, kí òtútù má bàa wọlé. Bí kùrukùru bá wọ àárín rẹ̀, gíláàsì nìkan ṣeé pààrọ̀, kí férémù wà níbẹ̀. Bí kò bá ṣí, ó lè jẹ́ irin inú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló kọṣẹ́, wọ́n sì ń tà á lọ́tọ̀.

N kò sọ pé olè ni àwọn oníṣẹ́ wa. Ẹni tó fi wákàtí méjì pààrọ̀ rólà, tí ẹ wá fún ní ₦1,000, kò ní fẹ́ ṣe irú ẹ̀ mọ́. Inú tuntun lèrè wà. Nítorí náà, ẹ bi wọ́n léèrè: "Ọ̀gá, kí ló bàjẹ́ gan-an? Èló ni owó iṣẹ́ ọwọ́ yín bí a bá ra rólà fúnra wa?" Bí wọ́n bá dáhùn dáadáa, ẹ̀yin náà ẹ san owó iṣẹ́ náà dáadáa.