Ohun tí a ń gbé iwájú ìbọn lé

Pàlàkà igi tí ọdẹ inú ọ̀dàn Òfíkì ní Òkè-Ògùn ń gbé ṣakabùlà lé kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbọ̀n, àti ẹsẹ̀ irin mẹ́ta tí àwọn afìbọndíje ń lò ní Bisley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1860, orí ohun ìgbébọnlé kan ni wọ́n de ìbọn Whitworth mọ́ ní Wimbledon, tí Ọbabìnrin Victoria kàn fa okùn rẹ̀, tí ọta sì bá àárín gbùngbùn àmì ní 400 yáàdì.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló yẹ ohun ìgbébọnlé, nítorí ilẹ̀ kì í tẹ́jú tán, ààrò mẹ́ta ni kì í sì í da ọbẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ tẹ ṣóńṣó ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wọlẹ̀, pàápàá nínú yangí Òkè-Ògùn, títí tí kò fi ní mì mọ́.

Àpò iyanrìn tí a ń gbé sórí ohun ìgbébọnlé náà gbọ́dọ̀ ki pinpin, kí igi ìbọn, ìyẹn apá tí ó gbé irin rẹ̀ dání, jókòó sínú rẹ̀, kì í ṣe irin fúnra rẹ̀, nítorí irin a máa gbọ̀n rìrì bí ẹ̀tù bá ti gbiná, ohunkóhun tí ó bá sì fara kàn án lè ṣi ọta lọ́nà.

Bí ẹnu ìbọn bá yẹ̀ ní mìlímítà 1 péré lórí ìbọn tí ó gùn ní mítà 1, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 91 ni ọta yóò fi tàsé ní 1,000 yáàdì.

Ǹjẹ́ àwọn ọdẹ Òkè-Ògùn ní orúkọ kan pàtó fún pàlàkà igi tí wọ́n ń gbé ìbọn lé, igi wo ni wọ́n sì ń gé e lára?