Agídìgbo àti Kíkùn Iná

Bọ́tìnì kékeré kan wà lẹ́yìn ẹ̀rọ tí mo fi ń gbọ́ àwo. Wọ́n kọ PHONO sí apá kan, wọ́n kọ LINE sí apá kejì. Kò ju èékánná lọ, ṣùgbọ́n ó ti gba oorun lójú mi. Bí mo bá tì í sí LINE, fónò tí wọ́n kọ́ mọ́ inú ẹ̀rọ náà ni yóò ṣiṣẹ́. Bí mo bá tì í sí PHONO, mo ní láti wá fónò mìíràn síta, yálà èyí tó wà nínú áńpù tàbí èyí tó dá wà nínú àpótí tirẹ̀. Àwọn tó ń ta tòkúnbọ̀ ní Ojú-Ore á ní kí n má da ara mi láàmú, pé kò sí ìyàtọ̀. Èmi ò gbà.

Iṣẹ́ tí fónò ń ṣe kì í ṣe kékeré. Iná tí abẹ́rẹ́ ń rí fà jáde lára àwo kò ju nǹkan bíi mílífóòtì 5 lọ, nígbà tí ẹ̀rọ CD ń gbé nǹkan bíi 2000 jáde. Fónò á kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìlọ́po 100 kí áńpù tó rí i lò. Iṣẹ́ rẹ̀ kejì ló gbà mí lọ́kàn jù. Bí wọ́n bá ń gé àwo, wọ́n máa ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, wọ́n á sì gbé ti òkè sókè, nítorí pé ohùn ìsàlẹ̀ máa ń gba àyè púpọ̀ jù nínú ìlà àwo. Àfi bí ẹni ká ẹní kó lè gba ẹnu ọ̀nà. Láti 1954 ni RIAA, ẹgbẹ́ àwọn aláwo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti fi ìwọ̀n kan lélẹ̀ fún kíká yìí, fónò ló sì ń tẹ́ ẹní náà padà. Láìsí i, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo nìkan ni a óò máa gbọ́ nínú àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá. Agídìgbo tó jẹ́ ìdí orin náà á sá sẹ́yìn. Bí ohùn bá ti ń sọ̀kalẹ̀ ni wọ́n ń gé e sí i. Tó bá fi máa dé Hertz 50, ohun tó ṣẹ́kù kò ju ìdá kan nínú 7 lọ.

Hertz 50 yìí ni mo dúró lé lórí. Iye ìgbà tí iná mànàmáná wa ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan gan-an nìyẹn. Ọwọ́ tí fónò fi ń gbé agídìgbo dìde, ọwọ́ yẹn náà ló fi ń gbé kíkùn iná dìde. Áńpù mi, Amẹ́ríkà ló ti wá, fóòtì 120 ló ń lò. 230 ni tiwa, nítorí náà, tìráńsífọ́mà tó ń rẹ iná sílẹ̀ kò lè ṣàìwà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ àwo sún mọ́ tìráńsífọ́mà náà, sìpíkà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn hùùù kí abẹ́rẹ́ tó kan àwo rárá. Mo gbé e lọ sí òdì kejì pálọ̀, kíkùn náà rọlẹ̀. Mo so wáyà tín-ín-rín ara ẹ̀rọ mọ́ ìdí áńpù, ó tún rọlẹ̀ sí i. Ìgbà tí wọ́n mú iná lọ tí inverter gbà á, kíkùn mìíràn dé, tiẹ̀ tún gan ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ inú tàbí ìta wá yí padà mọ́ mi lọ́wọ́. Èyí tó dá wà dára nítorí pé mo lè gbé e jìnnà sí tìráńsífọ́mà. Ti inú ẹ̀rọ àwo dára nítorí pé wáyà tó gbé mílífóòtì 5 yẹn kúrú, kíkùn ò rí àyè bá a wọlé. Ti inú áńpù ni kò bá ilé mi mu.

Bàbá mi ò mọ nǹkan kan tó ń jẹ́ fónò. Ẹ̀rọ àwo oníbátìrì tí wọ́n ń pè ní ṣénjà ni tiwọn, sìpíkà rẹ̀ wà nínú ìdérí, kíkùn iná ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Orí abẹ́rẹ́ rẹ̀ jẹ́ irú ti sẹ̀rámíìkì tó wọ́pọ̀ nígbà tí Hárúnà gbé àwo Oroki Social Club jáde ní 1971. Ìyẹn ń mú iná tó pọ̀ jáde fúnra rẹ̀, kò nílò ẹni tí yóò bá a gbé e sókè. Bí bàbá mi bá ti iṣẹ́ alẹ́ dé láti ilé iṣẹ́, wọn ò ní tíì bọ́ yunifọ́ọ̀mù, wọ́n á ti gbé àwo Hárúnà kan sí i. Ibì kan wà níbẹ̀ tí olórin ti dákẹ́, tí agídìgbo ń dá rìn. Bó bá ti ń kọjá, wọ́n á fi ìka kan gbé apá ẹ̀rọ, wọ́n á dá a padà. Ìyá mi á ní, "Bàbá Ṣadé, ẹ jẹ́ kó máa lọ." Wọn ò ní jẹ́ kó lọ.

Àwo yẹn ló wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé: dúdú rẹ̀ ń dán látẹ̀gbẹ́ dé àárín, àfi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ṣá, tó rí bí eérú, níbi tí agídìgbo ti ń dá rìn. Irú ṣénjà yẹn máa ń fi gíráàmù 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ àwo. Nǹkan bíi 2 ni tèmi. Abẹ́rẹ́ tó wúwo, tí orí rẹ̀ rí roboto, ti jẹ ògiri ìlà náà. Gbogbo fónò tí mo dán wò, bákan náà ni wọ́n ń ṣe bí wọ́n bá débẹ̀: ohùn á há, á máa ta yẹ́rẹyẹ̀rẹ. Èyí tó dára jù nínú wọn ló tilẹ̀ fi hàn kedere jù. Ibi tí bàbá mi fẹ́ràn jù lọ nínú orin yẹn ni wọ́n gbọ́ tán, mi ò sì lè bínú sí wọn.

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ mìíràn wà tí orí rẹ̀ kì í ṣe roboto, tó gbọọrọ, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Owó tí mo ti yà sọ́tọ̀ fún àpótí fónò, òun ni mò ń fi wá kiri báyìí, nítorí pé ó lè kan ògiri ìlà náà lókè tàbí nísàlẹ̀ ibi tí abẹ́rẹ́ bàbá mi jẹ.