Nígbà Tí A Ń Fi Lẹ́tà Ta Ìtàn

Èmi kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìròyìn kankan rí. Abẹ́òkúta ni mo ń gbé, mo ń wá ìtàn kiri, mo sì ń tà á fún àwọn olóòtú n'Ìbàdàn àti l'Ékòó. Láyé ìgbà náà, ta ni kò mọ Kakawa l'Ékòó, níbi tí Daily Times wà? Tribune ń bẹ n'Ìbàdàn láti 1949, Sketch bá a níbẹ̀ ní 1964. Ẹni tó bá níṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ọ̀gá á rán an jáde láàárọ̀. Èmi, ẹsẹ̀ ara mi ló ń rán mi.

N ó tẹ lẹ́tà ojú ewé kan, n ó fi kábọ̀nù sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ̀dà kan lè kù sí mi lọ́wọ́, n ó wá gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá yá, mo máa ń bẹ awakọ̀ ní gáréèjì kó bá mi mú un dé Èkó. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ká máa wọ̀nà.

Olóòtú kan wà nígbà náà, àgbà ọkùnrin, tí kì í ka lẹ́tà kọjá ìlà kẹta. Ìbéèrè kan náà ló máa ń bi gbogbo wa: kí ni ìyá òun tó wà nílé kò tíì mọ̀ nínú ohun tí a gbé wá? Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ sí Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, lọ́dọ̀ àwọn aláàdìrẹ.

Gbogbo ayé ló ń pe àdìrẹ ní iṣẹ́ obìnrin. Òótọ́ ni, àwọn ìyá ló ń pọn aró lára ewé èlú, àwọn ló ń rẹ aṣọ. N'Ìbàdàn, ìyẹ́ ni wọ́n ń tì bọ ẹ̀kọ láfún, tí wọ́n fi ń ya ọnà sára aṣọ. Ṣùgbọ́n l'Ábẹ́òkúta, mo bá ọkùnrin kan nínú ìsọ̀ rẹ̀ tó ń fi ọ̀bẹ kékeré dá ọnà sára páànù pẹlẹbẹ. Páànù yẹn ni wọ́n ń tẹ́ sórí aṣọ, tí wọ́n á ra ẹ̀kọ lé e lórí. Ibi tí ẹ̀kọ bá dé, aró kì í mú un. Ọkùnrin ló ń gé páànù, ọkùnrin náà ló ń ra ẹ̀kọ. Mo jókòó tì í títí oòrùn fi yẹ̀. Nígbà tí mo délé, ìlà kìíní lẹ́tà mi ti wà lẹ́nu mi: ọwọ́ àwọn bàbá wa wà nínú aṣọ tí a ń pè ní ti ìyá wa. Olóòtú náà gbà á.

Ìtàn kan kì í ṣe títà ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà náà, ìwé ìròyìn West Africa ti ń jáde ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1917, mo sì kọ̀wé sí wọn lórí àdìrẹ kan náà. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í gé itan màlúù fún ẹni tó ń béèrè ṣàkì. Aró òyìnbó tó ń lé èlú lọ ni mo fi ṣáájú fún tiwọn.

Ọdún 1984 wá yí nǹkan padà. Ìjọba ológun gbé Òfin Kẹrin jáde láti fi de àwọn akọ̀ròyìn lẹ́nu, wọ́n fi Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti The Guardian sẹ́wọ̀n, wọ́n sì ní kí ilé-iṣẹ́ wọn san 50,000 náírà. Àwọn yẹn ní ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn. Ta ni ì bá gba lọ́yà fún èmi? Lẹ́tà tó bá ti ní orúkọ gómìnà nínú, olóòtú á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́, ọjà, ọdún ìbílẹ̀ ni wọ́n ń rà. Mi ò bá wọn wí, àwọn náà ní ọmọ nílé. Nígbà tí náírà já ní 1986, bébà ìtẹ̀wé gbówó lórí, wọ́n ń dín ojú ewé kù, ìtàn tiwa ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń yọ.

Olóòtú míì, tí n kò ní dárúkọ, gba lẹ́tà mi, ó dákẹ́. Kò pẹ́, mo rí ìtàn náà nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, orúkọ ẹlòmíràn ló wà lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà, n ó kọ lẹ́tà débi tí itọ́ á fi máa dà lẹ́nu olóòtú, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ sọ ẹni tó ni ìtàn tàbí àdúgbò tó ń gbé títí a ó fi fohùn ṣọ̀kan.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá bá mi lónìí, orí fóònù ni wọ́n ti ń fi tiwọn ránṣẹ́. Ìdajì lẹ́tà wọn ló jẹ́ ìwé ẹ̀rí tí wọ́n gbà ní yunifásítì. Mo máa ń ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi ohun tí ìyá olóòtú kò mọ̀ sókè. Lẹ́yìn náà la ó wá sọ ti owó. Bí olóòtú bá ní kí ẹ máa kọ ọ́ bọ̀ ná, ẹ bi í pé èló ni, ọjọ́ wo ni yóò san án, àti pé ta ni yóò fọwọ́ sí i. Ọmọbìnrin kan nínú wọn béèrè bẹ́ẹ̀ láìpẹ́ yìí. Olóòtú náà kọ́kọ́ fajú ro, ó sì dárúkọ iye.