Ká Tó Gun Òkè Ni Ká Ti Sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, orí àpáta kan ní ìpínlẹ̀ New Mexico, nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí, ni ọmọ mi ti kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Ìsinmi ilé-ìwé ló gbé wa lọ sí aṣálẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. A kọ́kọ́ yà ní White Sands, níbi tí yanrìn ti funfun báláú bí iyọ̀, táwọn ọmọ jókòó sórí ike, tí wọ́n ń yọ̀ wálẹ̀ láti orí òkìtì. Lẹ́yìn náà la kọrí sí Acoma, ìlú àwọn ará Pueblo, ọ̀kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tó wà ní nǹkan bí 60 máìlì sí Albuquerque. Orí àpáta tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ga ju 350 ẹsẹ̀ bàtà lọ, ni ìlú náà wà. Òkúta àti amọ̀ ni wọ́n fi mọlé. Kò sí iná mànàmáná lókè níbẹ̀, kò sí omi ẹ̀rọ. Omi òjò tó dúró sínú kòtò àpáta ni wọ́n ń lò láyé àtijọ́.

Àlejò kì í dá gòkè. Ọmọ ìlú ló ń mú un lọ. Kí ìyá tó mú wa lọ tó jẹ́ ká gbéra, ó ti ka èèwọ̀ ìlú rẹ̀ fún wa. A ò gbọdọ̀ ya fídíò. A ò gbọdọ̀ ya fọ́tò nínú ṣọ́ọ̀ṣì San Esteban, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1629, tàbí ní itẹ́ òkú tó wà níwájú rẹ̀. Bí a bá rí àkàbà tó lọ sínú kiva, ilé awo wọn, ká máa kọjá lọ. Kò bẹ̀ wá, kò sì jágbe mọ́ wa.

Àkọ́bí mi, tó máa ń bá mi jiyàn lórí gbogbo nǹkan, dé itẹ́ òkú náà, ó ti fóònù bọ àpò. Ẹnikẹ́ni ò wò ó lójú. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, mo bi í pé kí ló dé tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ bí a bá jọ jáde. Ó ní, “Mọ́mì, ìyá yẹn sọ fún wa ká tó gòkè. Ẹ̀yin, ìgbà tí mo bá ti ṣe é tán lẹ máa ń fojú bá mi wí.”

Mi ò rí èsì fọ̀. Lóòótọ́, ìyá tèmi náà ń fojú bá wa wí. Ṣùgbọ́n ká tó jáde nílé ni yóò ti tò wá síwájú: ẹ má wo ẹnu ẹni tó ń jẹun, bí wọ́n bá fún yín ní nǹkan, ẹ wojú mi ná, ẹ kúnlẹ̀ kí àgbà. Bó bá wá di òde, wíwò kan ṣoṣo ti tó. Àwa gbé ojú ìyá wa wá sókè òkun, a gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, ní Albuquerque, a gbọ́ ìtàn ọdún 1680, nígbà tí Popay àtàwọn aṣáájú Pueblo mìíràn fẹ́ lé àwọn ará Sípéènì tó ń ṣàkóso wọn lọ. Wọ́n fún àwọn sárésáré ní okùn oníkókó kí wọ́n gbé e káàkiri ìlú. Kókó kan ni wọn yóò máa tú lójúmọ́. Bí wọ́n bá tú èyí tó kẹ́yìn, ọjọ́ pé. Ọwọ́ àwọn ará Sípéènì tẹ méjì nínú àwọn oníṣẹ́ náà, àwọn Pueblo sì dìde ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá. Ọdún 12 kọjá kí àwọn ará Sípéènì tó padà gba ilẹ̀ náà. Àwa tí a mọ àrokò mọ̀ pé okùn lásán ni okùn yẹn lójú ẹni tí wọn ò bá sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dénú rẹ̀, a di odidi. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò sọ odidi fún rí, kí ni yóò fi kún àbọ̀?

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, bí ẹ bá ń kó ọmọ lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ẹ pa rédíò ọkọ̀. Ẹ sọ odidi ọ̀rọ̀ fún wọn tán kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn onílé.